Ta Ni Ó Ju Ìdákọ̀ró Sómi? Àyẹ̀wò Ìwé Ìrìn-àjò Méjì lórí Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

Ẹ̀yà ìwé ìrìn-àjò kan wà nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn lámèyítọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kì í sábà yà sí. Òun ni ìwé tí olówó kọ nípa ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀, ọkọ̀ tí kò fi ṣòwò, tí kò fi jagun, tí kò sì fi kó ẹrù ẹlẹ́rù, bí kò ṣe pé ó ń fi gbafẹ́ kiri ní àwọn oṣù tí ojú ọjọ́ òkè òkun bá tura. Ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò fi wọ kíláàsì kò fara sin. Ìwé àwọn ajíhìnrere àti ti àwọn tí wọ́n wá odò Ọya kiri kan ìtàn àwọn ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n. Ti ọlọ́lá tí ó lọ wo yìnyín kò kàn án. Síbẹ̀, fún olùkọ́ èdè àti fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìtumọ̀, kò sí ibi tí ìbéèrè nípa olùwà inú gbólóhùn ti gbóná tó inú àwọn ìwé wọ̀nyí. Wọ́n kún fún iṣẹ́ agbára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ròyìn iṣẹ́ náà kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ṣe é.

Méjì nínú wọn tó fún àyẹ̀wò. Àkọ́kọ́ ni Letters from High Latitudes, tí Lord Dufferin tẹ̀ jáde ní ọdún 1857. Ní ìgbà ooru ọdún 1856, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, Dufferin wọ ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Foam, ó gba Iceland kọjá sí erékùṣù Jan Mayen, ó sì dé Spitsbergen ní òkè téńté ayé. Lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ni gbogbo ìwé náà. Ìkejì ni A Voyage in the 'Sunbeam', tí Anna Brassey tẹ̀ jáde ní ọdún 1878. Òun àti ọkọ rẹ̀, Thomas Brassey, tí ó jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kó àwọn ọmọ wọn àti àwọn ọ̀rẹ́ sínú ọkọ̀ ní oṣù Keje ọdún 1876. Wọ́n yí ayé po, wọ́n sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1877. Sunbeam kì í ṣe ọkọ̀ kékeré. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 170, ó ní òpó ìgbòkun mẹ́ta, ó sì ní ẹ̀rọ tí ń lo èédú fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ láti fẹ́. Foam kò ní ẹ̀rọ kankan. Afẹ́fẹ́ nìkan ni olúwa rẹ̀.

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yacht, kì í ṣe ọmọ bíbí inú èdè náà. Ọ̀rọ̀-àyálò ni láti inú èdè Dutch, níbi tí ó ti tan mọ́ ọdẹ ṣíṣe àti ìlépa. Ọkọ̀ tí ó yá láti fi lé ọkọ̀ mìíràn ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn ará Dutch fi ọ̀kan ta Ọba Charles Kejì lọ́rẹ ní ọdún 1660 ni fàájì wọ inú ọ̀rọ̀ náà dáadáa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi hàn akẹ́kọ̀ọ́ níbí ni pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń yá orúkọ ohun tí kò bá lọ́wọ́. 'Ọkọ̀ ìgbafẹ́' ni àyẹ̀wò yìí yóò máa lò, nítorí pé ó sọ ohun tí ọkọ̀ náà wà fún. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan ojú omi kò ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 nínú Bíbélì Yorùbá. Ìdákọ̀ró wà níbẹ̀, ìgbòkun wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ àwọn atukọ̀ nígbà ìjì. Ìdákọ̀ró fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a tú palẹ̀ ní kíláàsì: ì-dá-ọkọ̀-ró, ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sínú orúkọ rẹ̀. Kò sí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì gbà láti ilé Latin.

Ìmúra ìrìn-àjò ni ó ṣíwájú nínú irú ìwé wọ̀nyí, ibẹ̀ ni ònkàwé Yorùbá yóò sì ti kọ́kọ́ ní ìrètí tí ìwé kò ní mú ṣẹ. Brassey sọ iye ènìyàn tí ó wà nínú ọkọ̀, 43, ó sì to orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ẹbí àti àlejò títí dé orí àwọn atukọ̀, àwọn tí ń bójú tó ẹ̀rọ àti àwọn ìránṣẹ́. Ohun tí ó dára ni. Ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ìgbà náà kò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938 mọ ohun tí ìtò orúkọ wà fún nínú ìtàn ìrìn-àjò. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, tí a bá ti dárúkọ Kàkó, a ti mọ̀ pé kùmọ̀ yóò ṣiṣẹ́; tí a bá ti dárúkọ Olóhùn-iyọ̀, a ń retí orin; Ẹfọ́ìyẹ gbọ́dọ̀ ta ọfà kí ìwé tó parí. Gbèsè ni orúkọ tí ònkọ̀wé bá dá ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Sunbeam, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gbèsè náà ni a kò san. Àwọn orúkọ náà rì sínú arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo, 'a', wọn kì í sì í sábà jáde mọ́ àyàfi ìgbà tí ewu bá dé.

Nígbà tí ewu dé, wọ́n jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1876, ní etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà, Sunbeam pàdé ọkọ̀ ẹrù kan, Monkshaven, tí èédú inú rẹ̀ ti gbiná lábẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ àwọn atukọ̀ inú rẹ̀. Àwọn ojú ìwé wọ̀nyẹn ni ó lágbára jù nínú ìwé náà, kì í sì í ṣe iná nìkan ni ó fún wọn lágbára. Ọwọ́ ènìyàn ni. Ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ bọ̀, ẹnìkan ni ó sì gbọ́dọ̀ tù ú. 'A' kò lè tú ọkọ̀ kékeré láàárín ìgbì. Àwọn ènìyàn kan pàtó ni yóò tù ú.

Ọ̀rọ̀ dé orí ìdákọ̀ró wàyí, níbi tí èdè Yorùbá ti mú ìbéèrè náà le. Ní aago kan òru ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1856, lẹ́yìn ọjọ́ 11 lójú òkun, Foam dúró ní English Bay ní Spitsbergen. Arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní ọ̀pọ̀ ni Dufferin fi ròyìn rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Kí ni olùtumọ̀ yóò ṣe? Ó lè sọ pé 'a ju ìdákọ̀ró sómi'. Ó lè sọ pé 'wọ́n ju ìdákọ̀ró sómi'. Ó sì lè fi ọkọ̀ ṣe olùwà: 'ọkọ̀ gúnlẹ̀'. Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀dà ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó fi ń sá fún olùwà. Ó lè sọ pé ìdákọ̀ró ti di jíjù, kí ó má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Yorùbá kò ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yan ẹnìkan. Bí ó bá yan 'a', ọlọ́kọ̀ wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá yan 'wọ́n', ọlọ́kọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wòran. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì tí kò ju sílébù kan lọ ni ó ya ẹni tí ó ni ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ni agbára.

Kí a má fi èyí yin èdè Yorùbá jù. Òun náà mọ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́. Bí wọ́n bá ní 'Ọba kọ́ ààfin', kò sí ọmọ Yorùbá tí ó rò pé Kábíyèsí po amọ̀. 'Ó kọ́ ilé', 'ó gbẹ́ kànga', 'ó dá oko ńlá', gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ owó lásán. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé nínú gbólóhùn ọba, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gba ẹlòmíràn sínú; nínú gbólóhùn ọkọ̀ ìgbafẹ́, arọ́pò-orúkọ ni. 'Ọba kọ́ ààfin' kò pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọmọ alágbàṣe. 'A ju ìdákọ̀ró sómi' ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí gbólóhùn ṣókí náà sì bò mọ́lẹ̀ pọ̀. Láti dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ró, ẹnìkan yóò kọ́kọ́ fi okùn tí a so òjé mọ́ wọn jíjìn omi. Wọn yóò yí orí ọkọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kí eré rẹ̀ lè kú. Àwọn mìíràn yóò ká ìgbòkun, nínú òtútù, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ti dí. Lẹ́yìn èyí ni ìdákọ̀ró yóò tó wọlé, wọn yóò sì máa tú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tẹ̀lé e títí yóò fi gùn ju jíjìn omi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀wọ̀n bá kúrú, ìdákọ̀ró yóò máa wọ́ lórí ilẹ̀ ni, kò ní gún un. Ẹnìkan yóò sì ṣọ́ ọ ní gbogbo òru, bí òru bá wà. Yorùbá, tí ó fẹ́ràn láti to ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́sẹẹsẹ, lè sọ gbogbo èyí láìfi okun ṣòfò: wọ́n wọn omi, wọ́n yí ọkọ̀, wọ́n ká ìgbòkun, wọ́n ju ìdákọ̀ró, wọ́n tú ẹ̀wọ̀n. Olùtumọ̀ tí ó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti fi kún Dufferin. Ẹni tí kò bá sì fi kún un ti bá a dákẹ́. Nínú méjèèjì, ìdákẹ́ ni ó tọ́ fún olùtumọ̀, ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti Brassey yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí a ṣe ìdájọ́ rẹ̀ bí ó ti tọ́. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́lá tí ó kàn jókòó. Ó ti jókòó ṣe ìdánwò ìjọba, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ọ̀gá ọkọ̀, ohun tí kò sí ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ kan tí ó ṣe é ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí 'a' bá wọ èbúté nínú Sunbeam, ẹnìkan wà nínú 'a' tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń lò láti wọ èbúté, nítorí pé ìgbòkun kò rọrùn láàárín ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn kan wà nísàlẹ̀ tí ń da èédú sí iná ní àkókò kan náà tí àwọn tòkè ń wo ìlú tí ń sún mọ́ wọn. Ẹwà Rio de Janeiro láti ojú omi, tí ó kọ dáadáa, kò sí nínú ohun tí àwọn ìsàlẹ̀ rí. 'A' tòkè ni 'a' náà.

Ìṣòro ọ̀wọ̀ ni ó tẹ̀lé e. Ìyá ni Dufferin ń kọ lẹ́tà sí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi ń pe ìyá rẹ̀ àti ìránṣẹ́ rẹ̀. Ní Yorùbá, 'ẹ' ni ti ìyá láti ojú ìwé kìíní, gbogbo àwàdà inú ìwé náà yóò sì yí ohùn padà: ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ ni ó ń pa ìyá rẹ̀ lẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọ̀dọ́ ìjòyè tí ń ṣe fáàrí. Ó ṣeé ṣe kí ó dára ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Wilson ni ó le. Ìránṣẹ́ Dufferin ni Wilson, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í yá, tí ó máa ń gbé ìròyìn búburú wá bí ẹni gbé oúnjẹ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rín náà wá láti inú pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ ìránṣẹ́. Yorùbá yóò fi 'ẹ' sí i lẹ́nu, ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n báwo ni Dufferin yóò ṣe sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá atukọ̀ rẹ̀, ẹni tí ẹ̀mí gbogbo wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí olùtumọ̀ bá fi 'wọ́n' ọlọ́wọ̀ pè é, ònkàwé kò ní mọ̀ bóyá ọ̀gá nìkan ni ó yí ọkọ̀ padà tàbí gbogbo atukọ̀. Arọ́pò-orúkọ kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ àgbà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àti iṣẹ́ ẹni tí a kò mọ̀. Brassey ní tirẹ̀ ń pe ọkọ rẹ̀ ní Tom jálẹ̀ ìwé. Aya Yorùbá ìgbà náà kò jẹ́ dárúkọ ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. 'Bàbá àwọn ọmọ' ni ó máa pè é, àwọn ọmọ sì wà nínú ọkọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti pa ìgboyà obìnrin kan tí ó fi orúkọ lásán bá ọkọ rẹ̀ dọ́gba nínú gbólóhùn. 'Tom' ni kí ó dúró, kí ó sì dún létí bí ó ti yẹ kí ó dún.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ń dá olùtumọ̀ lágara ni orúkọ àkókò náà gan-an. 'Ẹ̀ẹ̀rùn' ni Bíbélì Yorùbá lò fún ìgbà ooru òkè òkun, ó sì ti wọ ara. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ń mú ọyẹ́ wá, ó ń mú kí odò fà, kí ewé gbẹ. Ìgbà tí Dufferin ń wá kì í ṣe gbígbẹ, ìmọ́lẹ̀ ni. Bí ó ti ń lọ sí àríwá ni òru ń kúrú, títí tí kò fi sí òru mọ́. Gbogbo ètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ dúró lórí èyí, nítorí pé oṣù díẹ̀ ni yìnyín fi ń la ọ̀nà, yóò sì tún pa á dé. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ọmọ ọba ilẹ̀ Faransé kan, Reine Hortense, so okùn mọ́ Foam, ó sì ń fà á lọ sí Jan Mayen. Nígbà tí yìnyín dí wọn lọ́wọ́, ọmọ ọba padà, Foam sì ń bá a lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nìkan nínú ìkùukùu. 'Ìgbà ooru' sàn ju 'ẹ̀ẹ̀rùn' lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ni ó kún inú ìwé náà.

Níbí ni ìtàn àkùkọ ti wọlé, èyí tí kò nílò ìtumọ̀ fún ọmọ Yorùbá kankan. Wọ́n gbé àkùkọ kan sínú ọkọ̀. Bí òru ti ń kúrú, àkùkọ kò mọ ìgbà tí yóò kọ mọ́. Ó dàrú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, nígbẹ̀yìn orí rẹ̀ yí, ó sì bẹ́ sínú òkun. Àwọn ònkàwé Gẹ̀ẹ́sì fi rẹ́rìn-ín. Níbi tí àkùkọ ti jẹ́ agogo, tí àwọn ènìyàn fi kíkọ rẹ̀ mọ ìgbà tí wọn yóò jáde lọ sí oko, ẹ̀rín náà kò ní dún bákan náà. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkùkọ náà. A kò mọ̀ bóyá Dufferin rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni òṣìṣẹ́ inú Foam tí ìwé náà fi gbogbo ọkàn tẹ̀lé títí dé òpin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Latin tí Dufferin sọ níbi àsè gómìnà ní Reykjavík kò nílò kí a pẹ́ lórí rẹ̀, àfi nítorí ìmọ̀ràn kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mú wá. Latin jágbajàgba ni, tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣeré níwájú àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Àwọn kan yóò ní kí a fi ẹnà túmọ̀ rẹ̀. Kò tọ̀nà. Ẹnà wà láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí ó wà nítòsí. Latin ti Dufferin wà láti jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí a fi sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ojú ìwé kan wà nínú Sunbeam tí olùkọ́ ní Èkó tàbí Pọ́tónóvò kò lè kà bí ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Brassey dé Brazil ní ọdún 1876, àwọn ẹrú sì wà nínú ohun tí ó kọ nípa Rio. Òfin ọdún 1871 ti sọ ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí di òmìnira, ṣùgbọ́n ọdún 1888 ni Brazil tó fòpin sí oko ẹrú. Ọmọ Yorùbá pọ̀ lára àwọn ẹrú ilẹ̀ náà, ní Bahia ní pàtàkì, àwọn kan sì ti padà sí Èkó ṣáájú ìgbà náà, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà. Nígbà tí ònkàwé Àgùdà bá dé ibẹ̀, 'a' ti Brassey kò lè gbà á wọlé mọ́. Títí di ojú ìwé yẹn, ó ti lè bá ẹbí náà jókòó lókè ọkọ̀. Níbí ó wà létíkun, lára 'wọ́n'. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ lórí arọ́pò-orúkọ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti inú ìwé gírámà.

Sunbeam tún lọ sí òkun lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1887, nígbà tí wọ́n ti kúrò ní Australia, ibà pa Anna Brassey nínú ọkọ̀, wọ́n sì sin ín sínú òkun. Ìwé rẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn, The Last Voyage, jáde ní ọdún 1889, ọkọ rẹ̀ ni ó sì kọ ohun tí ó kù nínú ìrìn-àjò náà. Àwọn èbúté tí ó ṣẹ́ kù, òun ni ó ròyìn wọn. Ọkọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ dídá ọkọ̀ ró kò sì yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń sọ pé 'a' láti ọdún wọ̀nyí kò sí lára wọn mọ́.